Wáṣà Mọ́kànlá

Bàámi tí mo ṣẹ̀,

Ẹ kò ṣe é. Ẹ kò fọwọ́ kan mágínẹ́tì inú ẹ́ńjìnnì yẹn rárá. Ọjọ́bọ̀ ni mo mọ̀, òní ti di Sọ́ńdè, ọkàn mi kò tíì kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì mo gbé ìrẹsì kaná, mo gbàgbé láti bu omi sí i, àfìgbà tí òórùn jíjó gba gbogbo ilé. Bàtà méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì ń fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá wà láàyè, ẹ̀yin náà ì bá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ ti lo ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀, èmi ni mo sì ní láti wá rò fún yín ohun tí ẹ mọ̀ jù mí lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Sẹ́kítírì ló ránṣẹ́ pè mí. Ẹ rántí wọn, ọkùnrin gíga tó ń wọ ṣòkòtò péńpé ní Sátidé, akọ̀wé kílọ́ọ̀bù àwọn tó ń fi ọkọ̀ kéékèèké oníná díje nínú gbọ̀ngàn ẹ̀yìn Wharf Road. Wọ́n ti darúgbó, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn ti gbà á padà, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí, pákó gígùn oníhò tí àwọn ọkọ̀ ń sáré lé lórí sì ti di igi ìdáná. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó palẹ̀ ni wọ́n ti rí ọkọ̀ ìṣeré tí mo fi díje ní kékeré. Wọ́n nà án sí mi nínú ọ̀rá, wọ́n ní, "Mo ní kí n tó sọ ọ́ dànù, kí n kọ́kọ́ bi ẹ́."

Ọkọ̀ pupa yẹn náà ni, Bàámi, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Bébà tí Ọ̀gbẹ́ni Sẹ́kítírì fọwọ́ sí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje, ṣì wà níbẹ̀. Ìda àbẹ́là tí wọ́n yọ́ lé e lórí níwájú gbogbo èrò ṣì wà níbẹ̀, kò sán, kò ṣí. Ọdún mẹ́wàá gbáko, ẹnikẹ́ni kò tú u. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì jáde. Èrò ọkàn mi ni pé tí mo bá dé ibùdókọ̀ Coconut, màá jù ú sínú gọ́tà, kí ọ̀rọ̀ náà bá omi lọ. Mi ò mọ ohun tó gbé ẹsẹ̀ mi kọjá Coconut tó fi gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù rewáyà yín, níbi tí ẹ ti ń wé wáyà ẹ́ńjìnnì, ní Malu Road.

Màámi kò fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Gódíwìn tó ń ṣájì bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń lo apá kan, apá kejì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Kọ́ìlì ńlá yẹn ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, èyí tí ẹ fi wáyà bàbà tó nípọn, tí ẹ tú lára sítátà tírélà, wé mọ́ irin méjì tó dojú kọ ara wọn. Ọmọ ilé ìwé mi ni mo máa ń kọ́ lónìí pé òòfà ni Yorùbá ń pe irin tó ń fa irin mọ́ra. Lọ́dọ̀ yín, mágínẹ́tì ni, ìgbàkigbà tí mo bá sì pe òòfà ní kíláàsì, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń pe orúkọ ẹlòmíràn.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yín lè rò pé oògùn ni. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìṣeré yẹn kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Mágínẹ́tì méjì wà nínú rẹ̀, àmẹ́ṣọ̀ tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé ń yí láàárín wọn. Bí wọ́n bá ti sá a sá a tí ó gbóná, agbára mágínẹ́tì á máa dín kù, ẹ́ńjìnnì á máa yí lófo, kò ní lè fà mọ́. Àwọn ọ̀gá Apapa tó wà nínú kílọ́ọ̀bù á wá gbé e wá bá yín. Ẹ ó yọ àmẹ́ṣọ̀, ẹ ó fi irin rọ́pò rẹ̀ kíá, torí ẹ máa ń sọ pé ilé mágínẹ́tì kì í ṣófo, pé bó bá ṣófo, agbára á wábi gbà. Ẹ ó gbé e sáàárín irin méjì yẹn, ẹ ó so bátìrì tírélà méjì pọ̀, ẹ ó sì fi orí wáyà kan ara wọn fún ìṣẹ́jú akàn: gbàù! Agbára á padà sínú rẹ̀, á tiẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ kì í kan wáyà láìkọ́kọ́ pariwo "Ẹ sún sẹ́yìn o!", kódà bó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Màámi á ní ta ni ẹ ń lé sẹ́yìn, ṣé alángbá ara ògiri ni. Ẹ ó ní alángbá náà ní ìyá. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa dùn mí.

Ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá sì ti fún lágbára, ẹ ó fi fáìlì ya ilà kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ lè mọ apá tó dojú kọ ọ̀tún, kí ẹ má baà gbé e sódì bí ó bá padà wá. Ẹ kò gbàgbé ilà yẹn rí. Ẹ lè gbàgbé oúnjẹ, ẹ lè dé fìlà kí ẹ tún máa wá fìlà kiri, ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ gbàgbé ilà. Lẹ́yìn náà ẹ ó dán an wò. Ẹ ní irin kékeré kan tí ẹ máa ń kì bọ inú rẹ̀, ẹ ó máa so wáṣà, irin pẹlẹbẹ oníhò yẹn, kọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí irin náà á fi já bọ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun láti inú páálí máa ń gbé wáṣà mọ́kànlá. Èyí tí ẹ bá fún lágbára máa ń gbé mẹ́rìndínlógún. Èmi ni mo máa ń kà á fún yín, láti ìgbà tí mi ò tíì lè kà kọjá ogún.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rùn sí mi. Ìdíje àwọn ọmọdé ní òfin tirẹ̀. Kílọ́ọ̀bù pín ẹ́ńjìnnì tuntun fún gbogbo wa láti inú páálí kan náà. A lè pààrọ̀ táyà, a lè kán òróró sí i, a lè pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù, ẹyọ dúdú kékeré méjì tó ń gbé iná fún àmẹ́ṣọ̀. Mágínẹ́tì nìkan ni èèwọ̀. Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń fún ẹ́ńjìnnì àwọn àgbà lágbára, nítorí náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbà kí èmi náà díje, ojú wọn ò kúrò lára yín. Ọmọ Ajegunle kan ṣoṣo ni mí láàárín ọmọ àwọn ọ̀gá wọ́ọ̀fù, ọmọbìnrin kan ṣoṣo sì ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, mo rò pé mo mọ iṣẹ́ yín tán.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ìdíje, mo ń bọ̀ láti ilé ìwé. Mo gbọ́ gbàù láti ìta. Mo wọlé, ẹ́ńjìnnì mi ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ ń fi àkísà nù ún. Ẹ nà án sí mi, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fi ìka yí ọ̀pá rẹ̀ wò, ó le. Lánàá ọjọ́ náà ó ń yí wẹ́rẹ́. Ohun tí ẹ sì fi ẹnu yín kọ́ mi ni pé bí mágínẹ́tì bá ti lágbára, ọ̀pá á le láti yí, torí mágínẹ́tì ń dì í mú. Mo gbà pé ẹ ti fún un lágbára. Mo wo ojú yín, ẹ ti padà sídìí iṣẹ́ yín, ẹ ń súfèé orin ìyìn. Kí ló dé tí mi ò bi yín, Bàámi? Ìbéèrè kan péré ni. Ṣé ẹ̀rù ìdáhùn ló bà mí ni, àbí ìgbéraga?

Mo borí wọn lọ́jọ́ kejì. Mo fi ìyípo kan gbáko ṣáájú ẹni tó ṣe ìkejì. Bàbá ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ẹ́ńjìnnì kì í dá sáré bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n tú u. Ọ̀gbẹ́ni Sẹ́kítírì bá mú àbẹ́là jáde bí àṣà wọn: ọkọ̀ tí wọ́n bá ń jiyàn lé lórí, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa lójú gbogbo èèyàn, kí ẹnì kan má baà pààrọ̀ nǹkan inú rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó tú u. Ìda ṣì ń kán nígbà tí mo dìde. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi pé irọ́ kò ní ti ẹnu mi jáde mọ́ láéláé. Mo ní, "Bàámi fún un lágbára. Mo gbọ́ ọ létí mi."

Ọ̀gbẹ́ni Sẹ́kítírì kọjú sí yín, wọ́n ní, "Bàbá Rewáyà, ṣé bọ́ràn ṣe rí nìyẹn?" Ẹ wò mí. Ẹ wò mí pẹ́. Ìtìjú ni mo rò pé mo rí lójú yín, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn, torí mo rò pé ó yẹ yín. Ẹ wá yíjú padà sí wọn, ẹ ní, "Ọmọ mi kì í parọ́." Ẹ kò fi nǹkan kan kún un. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún ọmọ yẹn, wọ́n ti ọkọ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, a fẹsẹ̀ rìn wálé, ẹ sì ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún mi lójú ọ̀nà. Mi ò jẹ ẹ́.

Ẹ mọ ìyókù. Àwọn ará Apapa kò gbé ẹ́ńjìnnì wá mọ́. Ẹ fi iṣẹ́ ọ́ṣà, ti àwọn tó ń fi èrò jókòó, sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ yín. Ní Malu Road, láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta búrẹ́dì fún awakọ̀ tírélà, wọ́n sọ yín ní Bàbá Òjóró, wọ́n sì ń pè yín bẹ́ẹ̀ lójú yín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ẹnì kan pè yín, ẹ sì dáhùn, ẹ bi í pé ṣé ara ìyàwó rẹ̀ ti yá. Inú bí mi sí yín. Mo ní ẹ kò tilẹ̀ ní ìtìjú. Nígbà tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mi ò kọ lẹ́tà sí yín àfi bí mo bá ní kí ẹ bá mi kí Màámi. Èyí ni lẹ́tà gidi tí mo kọ́kọ́ kọ sí yín láyé mi.

Ó di Ọjọ́bọ̀. Mo jókòó sí bẹ́ǹṣì yín, mo fi ọ̀bẹ ha ìda yẹn kúrò. Ilà ni mò ń wá. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i, kí ó parí, kí n lè jù ú nù láìbojú wẹ̀yìn. Mi ò rí ilà. Mo rò pé ìdọ̀tí ló bò ó, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo gbé e síta sínú oòrùn, mo ń yí i bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ ń dán, kò sí ilà kankan.

Mo tú u. Mo yọ àmẹ́ṣọ̀, mo fi irin rọ́pò rẹ̀ kíá bí ẹ ṣe kọ́ mi, ọwọ́ mi ń ṣe é fúnra rẹ̀. Mo mú irin ìdánwò yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í so wáṣà. Mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá. Mọ́kànlá. Mo so èkejìlá, gbogbo rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Mo ní bóyá mo yára so ó jù. Mo tún un ṣe. Mọ́kànlá. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti ń sunkún, mọ́kànlá. Mo wá ẹ́ńjìnnì tuntun kan nínú páálí yín, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò rí: mọ́kànlá. Mo wá ọ̀kan tó ní ilà fáìlì lára, tó ti wà lórí àjà yín láti ìgbà tí mo ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù: mẹ́rìndínlógún, bí ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lágbára láàárọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ pípẹ́ ló fa agbára tèmi gbẹ. Kò ní in rí.

Kí ló wá le nígbà náà? Mo wo kábọ́ọ̀nù rẹ̀. Tuntun ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì jẹ, sípíríǹgì líle lẹ sì fi tì í mọ́ àmẹ́ṣọ̀. Ohun tí ẹ ń ṣe fún mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ohun tí òfin gbà. Mo tò ó padà, mo yí ọ̀pá rẹ̀. Ó le, àmọ́ líle tó ń lọ geere ni, bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn gba inú ihò tó há. Mo yí ti ẹ́ńjìnnì onílà. Òun náà le, ṣùgbọ́n ó ń fò, ó ń dúró, ó ń fò, ó ń dúró. Líle méjì ni, Bàámi. Lónìí mo lè fi ojú dídì mọ ìyàtọ̀ wọn. Ìgbà yẹn, líle kan ṣoṣo ni mo mọ̀, mo sì ti orí rẹ̀ ba bàbá mi jẹ́.

Gbàù tí mo gbọ́ ńkọ́? Ti ẹ́ńjìnnì àwọn àgbà ni, kò lè jẹ́ ti nǹkan mìíràn. Ẹ máa ń ṣe tiwọn ní gbogbo ọjọ́ tó bá ṣáájú ìdíje, wọ́n sì máa ń wà nínú abọ́ tánganran lápá òsì yín. Mi ò wo apá òsì. Èyí tó tún burú jù ni pé mágínẹ́tì tó lágbára kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sáré kọjá ààlà, ó máa ń fà ni, ó sì máa ń dá a dúró ní kọ́nà. Ọkọ̀ mi ń fò lójú ọ̀nà tó tọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń yọ̀ ní gbogbo kọ́nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ ní èyí tó kẹ́yìn, èmi gan-an ni mo fi ìka mi dín iná rẹ̀ kù lórí bọ́tìnnì. Mo ti mọ ìyẹn láti ọdún mẹ́wàá. Mi ò kàn rò ó rí.

Mo lọgun. Mi ò mọ ìgbà tí mo lọgun. Bọ̀ọ̀dá Gódíwìn sáré wọlé pẹ̀lú ásíìdì lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo, "Wetin happen? Current catch you?" Mo ní Bàámi ò ṣe é. Wọ́n ní, "Do wetin?" Mo fi wáṣà hàn wọ́n, mo ka gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Wọ́n gbé ásíìdì sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí bátìrì kan. "So Baba no do am? Ah! And na me first call am Baba Òjóró for this line. Na me. Him go just laugh, come help me carry battery." Wọ́n yọ fìlà wọn, wọn kò dé e mọ́ títí mo fi lọ.

Mo sá lọ bá Màámi nílé. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo rò ó fún wọn pẹ̀lú èémí tó ń já, mo ń retí kí wọ́n ju àwo sílẹ̀. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Bàámi, Màámi mọ̀! Wọ́n ní, "Ọjọ́ yẹn náà ló sọ fún mi. Ó ní tóun bá ní kí wọ́n tú u, ìwọ ni wọ́n máa pè ní onírọ́ lójú gbogbo èrò. Ó ní ọmọ tó lè dìde sọ ohun tó gbà pé òótọ́ ni níwájú àwọn ọlọ́lá, kò yẹ kójú tì í." Mo kígbe mọ́ wọn. Mo ní ọjọ́ kejì ńkọ́, ọ̀sẹ̀ kejì ńkọ́, kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì fi mí sílẹ̀ sínú òkùnkùn? Màámi wá gbójú sókè. "Ó ní òun ò ní fi ipá kó àlàyé sí ẹ létí. Ó ń dúró kó o bi òun. Gbogbo ìgbà tó o bá ti wálé lálàyé wà lẹ́nu ẹ̀. O ò bi í." Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà wọn, mo sì rí i pé ẹ̀wà tó dára ni wọ́n ń jù nù.

Inú ń bí mi sí yín, mi ò ní pa á mọ́. Ta ní ní kí ẹ gba ẹ̀gàn ọdún méje nítorí ojú tó máa ti ọmọ fún ọ̀sán kan? Ojú ì bá tì mí, màá sunkún, màá jẹ gúgúrú yín, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣé ẹ rò pé mi ò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni? Tàbí ẹ rò pé láìpẹ́ ni màá bi yín, tí ọjọ́ wá ń gorí ọjọ́? Mo lè béèrè báyìí, kò sì sí ẹni tó máa dáhùn.

Lánàá mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sílé Ọ̀gbẹ́ni Sẹ́kítírì. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní wáṣà, àwọn fúnra wọn á kà á. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "A ò tiẹ̀ tú u. Ọmọ sọ̀rọ̀, bàbá ò jiyàn, a ní ó ti tán. Àwa tá a pe ara wa lágbà." Wọ́n ní àwọn á kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó kù nínú kílọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ́rìí èké. Wọ́n ní àṣìṣe ọmọdé kì í ṣe ẹ̀rí èké. Mo ní kí wọ́n ṣáà kọ ọ́.

Láàárọ̀ òní, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jáde. Wọ́n ti ń múra láti pariwo Halelúyà, wọ́n rò pé mo rí ọkọ fẹ́ ni. Mo sọ fún wọn pé ọ́ṣà tí wọ́n ń wò tìfura-tìfura kò jẹ̀bi, ọmọ rẹ̀ ló jẹ̀bi. Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bú sẹ́kún, ó ní òun kò kí yín dáadáa títí ẹ fi kú. Màámi jókòó síwájú, wọ́n na ẹ̀yìn wọn gbọọrọ bí mi ò ṣe rí i láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mi ò sọ fún Màámi, tí mi ò sì mọ̀ bóyá mo lè sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ, ní ọsibítù. Màámi jáde lọ wá omi gbígbóná. Mo fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Mo ti ń tún ọ̀rọ̀ náà tò nínú ọkàn mi láti ọjọ́ mẹ́ta, mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo fẹ́ hù, pé kò yẹ kí bàbá mi kú pẹ̀lú ẹrù yẹn lọ́rùn. Mo sọ fún yín pé mo ti dárí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn jì yín.

Ẹ wò mí. Ẹnu yín gbẹ, mo fi òwú tutù kàn án. Èyí gan-an ni ọjọ́ tí ẹ lè sọ ọ́, kò sí ọjọ́ mìíràn níwájú mọ́, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Ẹ fún ọwọ́ mi mọ́ra díẹ̀. Ẹ ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo padà sílé lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ara tó fúyẹ́, mo tiẹ̀ ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì.

Bàámi, mo gba ìdáríjì yẹn padà. Kì í ṣe tèmi láti fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wí. Ẹ kò bá mi wí rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ wá bá mi wí, lójú àlá, níbikíbi tí ẹ bá ti lè rí mi. Mo ti kúnlẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe mọ̀ lọ.